Ta Ni A Fura Sí?

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Òwe yìí dùn lẹ́nu púpọ̀. Bí àgbà kan bá ti pa á láàárín èrò, ńṣe ni gbogbo ilé á máa mi orí, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, tó wá ku ká lọ fa ìyá arúgbó náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná. Ta ló gbọ́ igbe náà? Ṣé àjẹ́ ló ké lóòótọ́, àbí òwìwí? Ọmọ tó kú ńkọ́, ṣé ibà kò ti ń bá a jà láti ọjọ́ mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ kò rówó ra oògùn? Òwe náà kò bèèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bèèrè, ó sì ti dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

N kò bá àwọn baba wa jà o. Àwọn kan náà ló sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò lóṣù yìí ni pé, nígbà tí èèyàn bá kú ikú oró, tí a kò sì rí ẹni tó pa á, kí ló yẹ kí a fi ẹnu wa ṣe? Ṣé ó tọ́ kí a máa dárúkọ ẹni tí a rò pé ó ṣe é?

Mo bèèrè nítorí pé èmi àti ẹ̀yin là ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ dúró díẹ̀ láàárọ̀ nídìí fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn ní Agboju, létí títì tó lọ sí Badagry. Ọ̀pọ̀ nínú èrò tó wà níbẹ̀ kò ní ra ìwé. Wọ́n á na ọrùn, wọ́n á ka àkọlé lófẹ̀ẹ́, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá tán, wọ́n á kan ìjọba. Bí ìjọba bá sú wọn, wọ́n á kan ìpànìyàn. Níbẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ẹni tó fi bọ́ǹbù pa Dele Giwa ní 1986 àti ẹni tó yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè ní 2001. Orúkọ gan-an ni wọ́n máa ń dá o, pẹ̀lú ìbúra, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì kọjá Mile 2 láti ọjọ́ Ajé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Àwọn òyìnbó tó gbé òfin wá fún wa kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1888, nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, obìnrin márùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọwọ́ kan náà fi ọ̀bẹ pa ní àdúgbò Whitechapel àti agbègbè rẹ̀ ní London, láti 31 August sí 9 November. Ọlọ́pàá kò mú apààyàn náà. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ ní Jack the Ripper, iyàn sì ti ń lọ lórí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbá mú ni ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà, John Pizer, ẹni tí í ṣe Júù. Àṣé ó ní ẹlẹ́rìí tó mọ ibi tó wà lóru tí wọ́n pa àwọn obìnrin náà. Wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, àwọn ọmọ ìta ti ń lépa Júù kiri ní òpópónà. Ní 1894, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Melville Macnaghten, kọ orúkọ ọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ pé àwọn ló ṣeé fura sí jù. Ọ̀kan nínú wọn ni Michael Ostrog. Ó ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí òpìtàn kan tó tú ìwé wò, tó rí i pé àtìmọ́lé ní ilẹ̀ Faransé ni Ostrog wà nígbà tí àwọn obìnrin yẹn ń kú! Orúkọ tí wọ́n ti dá ti lé ní ọgọ́rùn-ún báyìí: dókítà, lọ́yà, ayàwòrán, títí kan ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin, ẹni tó wà ní Scotland lóru tí wọ́n pa méjì nínú àwọn obìnrin náà. Ìyẹn kò ní kí àwọn aláríyànjiyàn má dárúkọ rẹ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa ti London. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Festac, bí ẹ bá gba Mile 2 yọ, ẹ kò ní pẹ́ dé Kirikiri, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí gbogbo Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ wà. Inú ọgbà náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clifford Orji wà títí tó fi kú ní oṣù August 2012. Ẹni tó bá ti tó ọmọ ogójì ọdún ní Èkó kò lè ṣàìrántí rẹ̀. Oṣù February 1999 ni wọ́n mú un lábẹ́ afárá nítòsí ibùdókọ̀ Toyota, lójú ọ̀nà Oshodi sí Apapa. Ọlọ́pàá ní àwọn bá eegun àti ẹran ara èèyàn níbẹ̀. Ìròyìn náà jà bí iná ọyẹ́. Lọ́dún yẹn, ìyá tó bá fẹ́ kọjá lábẹ́ afárá lálẹ́ á di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú ṣinṣin; ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ ní Oshodi lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Kíá ni Èkó pín sí méjì. Àwọn kan ní wèrè ni, wèrè tó ń jẹ èèyàn, ó tán. Àwọn yòókù fárí gá pé wèrè kọ́, iṣẹ́ ló ń ṣe, àwọn olówó àti olóṣèlú tó ń wá ẹ̀yà ara èèyàn ṣoògùn ló ń rán an. Ẹ̀rí wọn ni pé àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé wọ́n bá fóònù alágbèéká lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní 1999, GSM kò tíì dé Nàìjíríà. 2001 ló dé. Olówó ló ń lo fóònù alágbèéká nígbà náà. Wèrè wá rí i níbo? Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n dípò kí ìbéèrè náà lọ sí kóòtù, ìdí fẹ́ńdọ̀ ló lọ.

Ọdún mẹ́tàlá ni ọkùnrin yìí lò látìmọ́lé. Ọdún mẹ́tàlá! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó kú. Adájọ́ kankan kò dá a lẹ́bi, adájọ́ kankan kò sì dá a láre; ikú ló wá pa ìwé ẹjọ́ náà dé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àwọn oníyàn méjèèjì ni ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó ní wèrè ni, lójú tirẹ̀, wọ́n ti mú wèrè náà, ọ̀nà ti mọ́, ká máa lọ. Ẹni tó ní àwọn olówó ni, òun náà ti mọ̀ wọ́n, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wọ́n ṣe, ká máa lọ náà nìyẹn. Èmi kò rántí ọjọ́ kan tí àwa ará Èkó kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí Alausa láti sọ fún ìjọba pé ẹ gbé ẹjọ́ Orji jáde kí a gbọ́ ọ. Kí la fẹ́ gbọ́? A ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn tí a fúnra wa ṣe ti yó wa, ebi ìdáhùn gidi kò sì pa wá mọ́.

Àwọn oníròyìn orí rédíò ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn: afurasí. Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí a fura sí. Ta ló fura? Àwa ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin tó wà láhàámọ́. Ìṣe àwa tí a dúró síta ló ń ròyìn. Bí ẹ bá fura sí mi lálẹ́ òní, ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ yẹn, èmi lè má tilẹ̀ tíì jí lójú oorun. Ìwà mi kò yí padà, owó kò kúrò lápò mi, ẹ̀jẹ̀ kò kan ọwọ́ mi. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti lè di ọ̀daràn lẹ́nu yín, nígbà tó bá sì di ọ̀sán, táyà lè ti wà lọ́rùn mi.

Ẹnì kan á ní, “Ìfura loògùn àgbà ńkọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń lo oògùn náà? Àgbà fúnra rẹ̀ ni. Ó fura, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fura, kò gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ lálẹ́, kò sì jẹ oúnjẹ tí kò mọ ẹni tó sè é. Ara rẹ̀ ló fi ń tọ́jú. Ẹni tó bá gbé oògùn tirẹ̀, tó fi tipátipá rọ ọ́ sẹ́nu ẹlòmíràn, kò lè sọ pé ìtọ́jú lòun ń ṣe. Fún ẹni tí wọ́n rọ ọ́ sẹ́nu rẹ̀ yìí, májèlé ni.

Ìtàn kan wà ní ìhà Ìlà-Oòrùn orílẹ̀-èdè yìí tó ń dẹ́rù bà mí ju ti London lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ní ilẹ̀ àwọn Annang, tó wà lábẹ́ Calabar Province nígbà náà, tó sì ti di ara ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú lójú ọ̀nà oko ní agbègbè Abak àti Opobo. Ọrùn àti orí wọn ti ya yánnayànna. Ẹkùn ni, àwọn kan wí. Àwọn mìíràn ní rárá, èèyàn tó ń ṣe bí ẹkùn ni, ekpe owo ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Ìjọba òyìnbó kó ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ikú tí wọ́n wádìí sún mọ́ igba. Ní 1947, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ àwọn babaláwo ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Idiong, pé àwọn ló wà nídìí rẹ̀. Ìbíbíò Union, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àdúgbò náà, rán àwọn aṣíwájú rẹ̀ láti abúlé dé abúlé lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀ ní 1948, ọkùnrin 77 ni wọ́n ti yẹgi fún.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa o: ìyẹn ju èrò tí dánfó mẹ́rin lè kó lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tí wọ́n máa mú? Ohun tó ń mú mi lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n á wo òkú, wọ́n á bèèrè pé ta ló ń bá a jà. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tí òun jẹ ní gbèsè. Ẹni tí wọ́n jọ ń fa ilẹ̀. Ọkọ tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ tí wọn kò tíì dá owó orí padà fún. Ó jọ ọgbọ́n, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ṣe ń ṣe níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú abúlé wo lẹ ti rí ẹni tí kò ní irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀? Bí mo bá kú lónìí nílé mi, ẹ ó rí onílé, ẹ ó rí ẹni tí mo yá lówó, ẹ ó rí àbúrò tí a kò kí ara wa láti ọdún ìsìnkú bàbá wa. Gbogbo wọn ni ìdí láti pa mí. Ẹkùn nìkan ni kò ní ìdí, ẹkùn kò sì ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilẹ̀.

Ẹkùn gidi sì wà ní igbó náà nígbà yẹn, àwọn ọdẹ pa nínú wọn. Àwọn òyìnbó fúnra wọn jiyàn láàárín ara wọn pé àwọn òkú mìíràn, ẹkùn ló pa wọ́n. David Pratten, tó kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2007, kò rí i tú délẹ̀ pátápátá. Bó ṣe ń tú u ni ọ̀rọ̀ gbèsè, ìgbéyàwó, ìjọ àti ìjọba ń yọ jáde. N kò sọ pé aláìṣẹ̀ ni gbogbo ẹni tí wọ́n yẹgi fún. Ó ṣeé ṣe kí apààyàn wà níbẹ̀ tó fi ẹkùn bojú, ọ̀rọ̀ èèyàn jìn. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀kan péré nínú àwọn 77 yẹn kú nítorí ohun tí ẹkùn ṣe. Kì í ṣe òun nìkan la ṣẹ̀. Ọmọdébìnrin tó máa gba ọ̀nà omi kan náà kọjá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun náà la ṣẹ̀, nítorí a ti sọ fún un pé ọ̀tá ti kú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá wà nínú igbó tó ń lá ẹnu.

Ẹ má sọ pé ti àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn, pé Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Ní 1950 àti 1951, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àtíńgà ti ilẹ̀ Gold Coast gba Dahomey wọ ilẹ̀ wa. Ìhà Ẹ̀gbádò ni wọ́n bọ́ sí. Iṣẹ́ wọn ni láti fi àjẹ́ hàn. Wọ́n á jó, wọ́n á nàka sí obìnrin láàárín ọjà. Obìnrin tó bá gbà pé àjẹ́ lòun á sanwó, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n á pa adìẹ, bí adìẹ bá ṣe ṣubú ni ìdájọ́ ṣe máa rí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́wọ́ kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní 1951. Àwọn tó fẹ́ràn Àtíńgà máa ń fi ìjẹ́wọ́ yìí ṣe ẹ̀rí. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ ìyá: obìnrin tó ti dàgbà, gbogbo ìlú dúró yí i ká, ìlù ń dún lé e lórí, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá mi, ẹ gbà fún wọn ká lè relé.” Kí ni yóò ṣe? Bó bá gbà, ó di àjẹ́. Bí kò bá gbà, ó di àjẹ́ olórí-kunkun. Kò sí ọ̀nà kẹta níbẹ̀, ibi tí kò bá sì sí ọ̀nà kẹta, ìjẹ́wọ́ kò ju ariwo ẹnu lọ.

Ó wá ku èyí tó dùn wá jù, nítorí ojú wa ló ṣe.

Láti àárín ọdún 2016 wọ 2017, ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀, àwọn kan ń wọlé tọ àwọn èèyàn lóru, wọ́n á fi òkúta tàbí ọmọ ọlọ fọ́ orí ẹni tó ń sùn. Bàbá, ìyá, ọmọ ọwọ́, wọn kì í yan èyí tí wọ́n máa pa. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jí nǹkan. Badoo ni orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n. Èèyàn tó kú ju ogún lọ. Wọ́n ní àńkáṣíìfù ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ òkú, tí olówó kan ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ìtàn náà dé gbogbo ilé, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ní òdì-kejì Èkó, tí àwọn obìnrin ọjà Agboju bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́pàá kó èèyàn, wọ́n tún kó. Àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn ọdẹ àti OPC ń ṣọ́ òde mọ́jú.

Ní oṣù July 2017, àwọn tó ń ṣọ́ òde dá ọkọ̀ kan dúró lóru. Àjèjì ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ariwo “Badoo!” ti sọ. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Lẹ́yìn tí eérú ti tutù la gbọ́ pé apanilẹ́rìn-ín ni ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ ẹ̀rín ló gbé e wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n pa báyìí ní àsìkò yẹn.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń gbé Ìbẹ́ṣẹ́ nígbà náà máa sọ fún mi: ìwọ sùn nílé rẹ ní Agboju, o wá ń kọ ìwé. Ó jàre. N kò ní yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bàbá kan tó ti fìgbà kan ṣe akọ̀wé kóòtù ló ń bá jiyàn lọ́jọ́ náà.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi o,” ó ní. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní géètì lẹ lè máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Àwa tá a sùn sílé tí kò ní fèrèsé, bá a bá dúró de ẹ̀rí, òkú tiwa gan-an ló máa jẹ́ ẹ̀rí.”

“Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ,” bàbá náà fèsì. “Ẹ ṣọ́ òde. Ẹ dá a dúró. Bó bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ dè é lókùn dàárọ̀. Èwo wá ni ti pẹtiróòlù nínú ẹ̀?”

“Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bá a bá fà á fún ọlọ́pàá, wọ́n á gba rìbá, ọ̀túnla la máa rí i ládùúgbò.”

“Bó bá padà wá láàyè, a ṣì lè bi í léèrè àwọn tó rán an. Ta lo fẹ́ bi léèrè nínú eérú?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ò kì í gbà, ó sì lọ kó táyà rẹ̀. Kò gbà pé bàbá borí òun, n kò sì rò pé bàbá borí rẹ̀ pátá. Nítorí òtítọ́ wà nínú ohun tó sọ nípa ọlọ́pàá àti kóòtù. Ẹni tó bá rí ẹjọ́ tó jókòó fún ọdún mẹ́tàlá ní Kirikiri, ẹ má dá a lẹ́bi bí kò bá lè dúró. Ìjọba tó bá jẹ́ kí ẹjọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó ń ta pẹtiróòlù fún àwọn tó ń dáná sun èèyàn.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kì í fi kún ìmọ̀. Bí mo bá ń bẹ̀rù gidi, mo lè sá, mo lè kígbe, mo lè ti ilẹ̀kùn; n kò lè tipa ẹ̀rù mọ orúkọ ẹni tí n kò mọ̀. Ebi kì í sọ òkúta di iṣu, bó ti wù kó pa ọ́ tó. Pé ọlọ́pàá kò ṣe iṣẹ́ wọn kò sọ àròsọ tèmi di ẹ̀rí. Ó kàn fi hàn pé àwa méjèèjì ni kò mọ̀, èmi àti ọlọ́pàá, ìyàtọ̀ tó wà ni pé òkúta wà lọ́wọ́ tèmi.

Ẹ wo àwọn tí a máa ń fura sí ná. Júù tó ń ṣe bàtà. Ẹni tó jẹ gbèsè. Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé. Wèrè abẹ́ afárá. Àjèjì tí ọkọ̀ rẹ̀ dé lóru. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọkàn wa fẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ikú tó dé. Ìpànìyàn náà kàn fún wa láyè ni. N kò tíì gbọ́ kí ìdí fẹ́ńdọ̀ kan fura sí àlùfáà tí gbogbo wọn fẹ́ràn, tàbí sí ọmọ onílé tó máa ń ra bíà fún wọn. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ orúkọ kan báyìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé kí ìpànìyàn yìí tó ṣẹlẹ̀, kí ni a ti ń sọ nípa ẹni yìí?

Ní Festac, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àlejò ni. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ káàkiri àgbáyé ló wá wọ̀ sí ilé wọ̀nyẹn fún àjọ̀dún FESTAC, láti 15 January sí 12 February 1977, kí ìjọba tó wá pín wọn fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ta ni àjèjì níbẹ̀? Bí a bá ní kí àwọn tí a kò mọ baba wọn jáde síta, èrò tó máa kún ojú títì á dé First Gate.

Ẹnì kan tún lè bi mí pé ṣé kí a wá panu mọ́ ni? Rárá o. Bí o bá rí i pé ọkùnrin kan gbé àpò tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ jáde ní aago méjì òru, sọ ọ́. Sọ ilé tó ti jáde, sọ aṣọ tó wọ̀, kí o sì fọwọ́ sí i ní tééṣọ̀n. Ohun tí o rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n “irú àwọn ẹ̀yà yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn”, ta ló rí ìyẹn rí? Èdè wa ti pín in fún wa: mo rí, mo gbọ́, mo rò. Ìdájì ẹ̀jẹ̀ tí mo ti mẹ́nu bà láti òkè wá ló dà nítorí pé ẹnì kan sọ “mo rò” bí ẹni ń sọ “mo rí”. Ó lè sú ni láti máa sọ pé “a kò mọ̀”. Kò dùn lẹ́nu, kò lè mú èrò pé jọ nídìí ìwé ìròyìn. Ó sì ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá gbà pé òun kò mọ̀ ló máa tẹ̀síwájú láti máa wá a.

Ohun kan ṣì wà nínú iyàn wọ̀nyí tí kò jẹ́ kí n gbádùn wọn bí mo ṣe ń gbádùn wọn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Afurasí ló gba gbogbo àyè. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n pa ní London: Mary Ann Nichols, Annie Chapman, Elizabeth Stride, Catherine Eddowes àti Mary Jane Kelly. Ọdún 2019 ni Hallie Rubenhold tó kọ ìwé tó dá lórí ayé tí àwọn fúnra wọn gbé, bí wọ́n ṣe ṣe ìyàwó, bí wọ́n ṣe bímọ, bí ìyà ṣe lé wọn dé Whitechapel, tí kì í ṣe lórí ẹni tó gé wọn lọ́rùn. Ìwé tó wà nílẹ̀ lórí apààyàn náà ti kún ilé-ìkàwé kí tirẹ̀ tó jáde.

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Agboju lọ́la, tí ẹni tó jókòó tì yín bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ bi í pé ta ni Clifford Orji. Yóò dáhùn kí ẹ tó dé Mile 2, yóò sì tún sọ fún yín àwọn tó rán an níṣẹ́. Ẹ wá bi í pé eegun ta ni wọ́n bá lábẹ́ afárá yẹn.